Tíì MKO àti àwọn ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ yòókù: bí a ṣe lè wọ̀n wọ́n wò ká tó gbà á, ká tó kọ̀ ọ́

Ní Abẹ́òkúta níbí, bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ ṣe ń rìn, ẹ kàn dárúkọ MKO Abíọ́lá, ọkùnrin tó kú sí àtìmọ́lé ní 1998, láàárín àwọn tó ti lé ní ogójì ọdún kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ì báà jẹ́ Ìtòkú lẹ wà, ì báà jẹ́ inú mọ́tò tó ń ti Ṣàpọ́n bọ̀, ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ tíì dandan. "Àwọn òyìnbó fún un ní tíì mu, ló bá kú." Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹlòmíì tó kàwé á ní irọ́ ni jàre, àìsàn ọkàn ló pa á, ọ̀rọ̀ á di ariwo. Ohun tó máa ń dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ò wọn nǹkan kan wò, ọ̀kan gbà á torí pé ikú ọkùnrin náà ṣì ń dùn ún, èkejì kọ̀ ọ́ torí pé kò fẹ́ kí wọ́n ka òun mọ́ àwọn tí ò lajú.

Mi ò kọ èyí láti sọ pé gbogbo ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ ni irọ́ o, torí irọ́ nìyẹn náà. Àwọn èèyàn ti pa ìmọ̀ pọ̀ lé wa lórí rí nílẹ̀ yìí, ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ṣe ohun tí wọn ò fẹ́ ká mọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ń gba gbogbo ẹ̀ gbọ́, àwọn òpùrọ́ á máa fi ṣeré, ẹni tó bá sì ń kọ gbogbo ẹ̀, àwọn tó ń ṣe ibi ní kọ̀rọ̀ á rọ́nà lọ. Bí èmi ṣe máa ń ṣe é rèé.

Ẹ kọ́kọ́ dúró ná

Bí nǹkan kan bá wọlé sórí fóònù yín, tó jẹ́ pé kẹ́ ẹ tó gbọ́ ọ tán ni ọwọ́ yín ti ń wá gúrúùpù tẹ́ ẹ máa jù ú sí, ẹ dúró. Ìbínú tàbí ìbẹ̀rù ló ń ti ọwọ́ yẹn, ẹni tó ṣe mẹ́sẹ́ẹ̀jì náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rí ọfà méjì lórí ẹ̀ ní WhatsApp, ó ti gba ọwọ́ márùn-ún ó kéré tán kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ìyẹn ni pé ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kọ́ ló ni ín, kò sì rí ohun tó ń sọ. Lọ́dún 2020, nígbà Kòrónà, WhatsApp fúnra wọn ní irú mẹ́sẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀, ibì kan ṣoṣo lèèyàn lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan, torí wọ́n rí ohun tó ń fà.

Ṣẹ́ ẹ rántí omi iyọ̀? August 2014, Ebola ti wọ Èkó, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn lọ́gànjọ́ òru pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀ kó sì mu nínú ẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe é, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé "iyọ̀ lásán ni, kò lè ṣe é ní nǹkan." Ìròyìn jáde pé ó pa èèyàn méjì. Ohun tó lé Ebola lọ ni pé wọ́n wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ṣọ́ wọn lójoojúmọ́, èèyàn 20 péré ló kó o, 8 kú, nígbà tó fi máa di October 20 ọdún yẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ó ti tán ní Nàìjíríà. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó sọ pé "kò lè ṣe é ní nǹkan," ẹ bi ara yín léèrè méjì: tó bá jẹ́ irọ́ tí mo sì ṣe é, kí ló máa bà jẹ́? Tó bá jẹ́ òótọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró di àárọ̀ ńkọ́, kí ni mo pàdánù? Ọ̀pọ̀ ìgbà, dídúró di àárọ̀ ò ná wa ní nǹkan kan.

Ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ kì í sábà jẹ́ irọ́ látòkè délẹ̀, òótọ́ díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, òótọ́ yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún ìyókù. Ẹ wo èyí tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ígbò ní October 2017. Wọ́n ní sójà ń wọ ilé ìwé, wọ́n ń gún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ kí wọ́n lè kó àrùn monkeypox. Ní wàrà-ǹ-ṣeṣà àwọn òbí ti ya lọ kó ọmọ wọn, ilé ìwé dá páropáro.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀. Ṣé monkeypox wà ní Nàìjíríà nígbà yẹn? Ó wà, Bayelsa ló ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ṣáájú. Ṣé sójà wà nígboro? Wọ́n wà, iṣẹ́ ológun tí wọ́n pè ní Operation Python Dance ni wọ́n ń ṣe, ẹ̀rù sì ń ba ará ìlú, ẹni tó bá mọ ohun tójú wọn ti rí ò ní bá wọn wí. Ṣé sójà ń tọ́jú èèyàn níbì kankan? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ṣe ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní Ozubulu ní Anambra. Ó wá ku ẹyọ kan, pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń kó àrùn ran ọmọ. Ẹyọ yẹn ni ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sí ọmọ kan tí wọ́n mú wá, kò sí dókítà kan tó rí i. Ṣùgbọ́n torí pé mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́, ẹ̀kẹrin gun ẹ̀yìn wọn wọlé.

Ẹ mú bébà, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí ìlà ìlà, ohun kan lórí ìlà kan. Ẹ wá fi àmì síwájú ìkọ̀ọ̀kan: èyí dá mi lójú, èyí ṣeé ṣe, èyí mi ò rí ẹ̀rí ẹ̀. Ó máa yà yín lẹ́nu bó ṣe jẹ́ pé ìlà tó bí yín nínú jù lọ ni kì í ní nǹkan kan níwájú. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé kò sí èéfín láìsí iná, òótọ́ ló sọ, àmọ́ èéfín ò lè sọ fún yín ẹni tó dá iná.

Ta ló fojú rí i?

"Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́." Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín pe ọ̀rẹ́ ẹ̀, kí ọ̀rẹ́ pe ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta péré, ẹ máa bá a débi tí ẹlẹ́rìí ti máa di "wọ́n ní, wọ́n pé." Bó bá wá jẹ́ pé lóòótọ́ lẹ bá ẹnì kan tó dúró tó ní "èmi ni mo rí i, ọjọ́ báyìí, wọ́ọ̀dù báyìí," ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa.

Ti fótò àti fídíò tún rọrùn. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù àǹtí kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú nígbà tí fídíò kan wọlé sórí fóònù ẹ̀, ọkọ̀ tò gbọọrọ, àwọn tó wọ aṣọ dúdú ń já èèyàn bọ́ọ́lẹ̀, ohùn kan ń sọ Yorùbá lórí ẹ̀ pé òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta nìyẹn láàárọ̀ yìí. Àǹtí ti fẹ́ pe ọmọ ẹ̀ kó má bọ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n pa ohùn yẹn, ká kàn wo àwòrán. A wò ó lẹ́ẹ̀kan, a tún un wò. Àǹtí fúnra wọn ló rí i: "Ẹ wò ó, apá ọ̀tún ni sítíárì wọn wà!" Láti April 1972 la ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà, sítíárì tiwa sì wà lápá òsì. Orílẹ̀-èdè míì ni fídíò yẹn ti wá, wọ́n kàn fi ohùn Yorùbá lé e. Nítorí náà ẹ máa pa ohùn, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀, pátákó ẹnu ṣọ́ọ̀bù, aṣọ pọ̀lísì, bí òjò ń rọ̀ níbẹ̀ nígbà tó jẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ la wà. Tó bá jẹ́ fótò, ẹ fi Google Lens wá a, ẹ lè rí ọdún tó ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dubawa àti Africa Check náà máa ń yẹ irú nǹkan báyìí wò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yẹ èyí tó wà lọ́wọ́ yín wò.

Ẹ bi í léèrè ọjọ́ àti ibi

Èyí ò gba àkókò. Nígbà tí wọ́n ní 5G, íntánẹ́ẹ̀tì tuntun ti fóònù, ló fa Kòrónà, àwa ará Ògùn ló yẹ ká kọ́kọ́ já a, torí ọ̀dọ̀ wa ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní in ní Nàìjíríà ti ń ṣàìsàn, ará Ítálì tó wá síbi iṣẹ́ ní Ewékorò, February 27, 2020 ni wọ́n kéde ẹ̀. 5G wo ló wà ní Ewékorò lọ́dún yẹn? Wọ́n ti dán an wò níbi díẹ̀ ní 2019, àmọ́ September 2022 ni MTN ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ará ìlú. Àìsàn wá ṣáájú ohun tí wọ́n ní ó fà á. Ẹ máa wo ọjọ́, ọjọ́ kì í ṣègbè.

Àwọn tó jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Ibí ló ti yẹ ká rẹ ara wa sílẹ̀, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ máa pè ní aláròká.

Ní 1996, yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọ ní Kano. Pfizer, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, gbé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wá, wọ́n fi dán àwọn ọmọ bí 200 wò, ìlàjì gba Trovan, ìlàjì gba oògùn míì. Ọmọ 11 kú, márùn-ún nínú àwọn tó gba Trovan, mẹ́fà nínú àwọn tó gba èkejì. Àwọn òbí ní àwọn ò mọ̀ pé ìdánwò ni. Pfizer ní yírùnyírùn ló pa wọ́n, pé àwọn gba àṣẹ. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀ títí ìwé ìròyìn Washington Post fi gbé e jáde ní December 2000, ó di ẹjọ́, nígbà tó di 2009 Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún Kano.

Ti Amẹ́ríkà tún burú ju ìyẹn lọ. Láti 1932 títí di 1972, ìjọba wọn ń ṣọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú bí 600 ní Tuskegee, 399 nínú wọn ní syphilis, wọn ò sọ àìsàn tó ń ṣe wọ́n fún wọn, nígbà tí penicillin sì jáde tó lè wò ó sàn wọn ò fún wọn. Peter Buxtun tó bá ìjọba ṣiṣẹ́ ló figbe ta, oníròyìn gbé e jáde ní July 1972. Clinton tọrọ àforíjì ní 1997.

Ẹ wá fara balẹ̀ wo bí àwọn méjèèjì ṣe rí. Ohun tí wọ́n sọ ní pàtó ni: ìlú yìí, oògùn yìí, iye èèyàn yìí. Ìwé wà nílẹ̀, ti Tuskegee tiẹ̀ wà nínú ìwé àwọn dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá fẹ́ kà á lè kà á. Àwọn tó farapa lórúkọ, wọ́n nílé, wọ́n lè dúró ní kòòtù. Ẹnì kan láti inú ilé ló sọ̀rọ̀, tàbí àwọn òbí fúnra wọn. Ọ̀rọ̀ náà sì ń nípọn sí i bí wọ́n ṣe ń wádìí ẹ̀. Ẹ fi èyí wé "àwọn alágbára ayé fẹ́ pa gbogbo wa," tó jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ fídíò kan náà la ṣì ń wò. Ẹ tún bi ara yín pé èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ panu mọ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè wà ní àṣírí, torí bí wọ́n bá ṣe pọ̀ tó ni ẹnu ṣe máa ń jò tó.

Ohun tó tẹ̀ lé Trovan ló ń bà mí lọ́kàn jẹ́ jù. Ní 2003 wọ́n ní àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní nǹkan tó ń sọ ọmọbìnrin di àgàn nínú, Kano dá a dúró fún bí oṣù mọ́kànlá. Ṣé wọ́n ní ìdí láti fura? Wọ́n ní i, Trovan ò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Àmọ́ ẹ̀rí Trovan kì í ṣe ẹ̀rí lórí rọpárọsẹ̀, oògùn míì ni, àwọn èèyàn míì ni, ọdún míì ni. Àrùn náà tàn kúrò ní Nàìjíríà lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àwọn ọmọ rọ lẹ́sẹ̀, August 2020 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́rìí sí i pé a ti bọ́ lọ́wọ́ irú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní wild polio. Ẹni tó ti jẹ wá níyà rí, ó tọ́ ká máa yẹ ọwọ́ ẹ̀ wò, ká máa béèrè ìwé, ká ní kí wọ́n tú u yẹ̀wò lójú wa. Ibi tí ìfura ti ń di àbùkù ni ibi tí a ti sọ ọ́ di ìdájọ́ láìyẹ nǹkan kan wò.

Kí lẹ máa rí tẹ́ ẹ fi máa yí ọkàn padà?

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yìí kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn, kẹ́ ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "kò sí," ẹ ti kúrò nídìí ìwádìí nìyẹn. Ẹ rántí Jubril ti Sudan. Ní 2017 Buhari, tó jẹ́ ààrẹ nígbà yẹn, pẹ́ ní London níbi ìtọ́jú, ìjọba ò sọ àìsàn tó ń ṣe é, èmi ò sì lè dá ará ìlú lẹ́bi pé wọ́n wá ìdáhùn fúnra wọn, ìpamọ́ yẹn ló gbin ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ó ti kú, ẹlòmíì tó jọ ọ́, Jubril, ló wà ní Aso Rock. Ó fúnra ẹ̀ dáhùn ní Poland ní December 2018 pé òun ni. Wọ́n ní ẹ ò rí i, bí Jubril ṣe máa sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó sọ̀rọ̀, ó di ẹ̀rí, ó dákẹ́, ó di ẹ̀rí. Bí gbogbo nǹkan bá ti ń gbe ọ̀rọ̀ kan, tó jẹ́ pé kò sí ohun tó lè já a, ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ nǹkan kan fún wa mọ́.

Ẹ sì máa bi ara yín bóyá irú ẹ̀rí kan náà lẹ máa gbà tó bá jẹ́ pé èèyàn tẹ́ ẹ fẹ́ràn ni wọ́n fẹ̀sùn kàn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ẹ jẹ́ ká gbé tíì MKO wá

Ẹ mú bébà yẹn. Ìlà kìíní: wọ́n tì í mọ́lé láti June 1994, wọn ò jẹ́ kó rí èèyàn. Èyí dá wa lójú. Ọjọ́ díẹ̀ kó tó kú ni Kofi Annan lọ rí i, kò mọ̀ pé Annan ni olórí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ń béèrè ará Íjíbítì tó wà nípò yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ ronú sí bí wọ́n ṣe dá ọkùnrin kan yà kúrò láyé tó.

Ìlà kejì: àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ní July 7, 1998. Ó dá wa lójú, Thomas Pickering àti Susan Rice wà níbẹ̀. Ìlà kẹta: ó mu tíì níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́, ó ń wúkọ́, wọ́n bu tíì fún un, ara ẹ̀ yí padà, kò pẹ́ ó ṣaláìsí. Àwọn tó ń sọ pé kò sí tíì kankan gan-an ló ń ṣi wí.

Ìlà kẹrin: májèlé wà nínú tíì náà. Àwọn dókítà láti Kánádà, Bírítéènì àti Amẹ́ríkà wá yẹ òkú ẹ̀ wò, wọ́n ní àìsàn ọkàn tó ti wà lára ẹ̀ tipẹ́ ni, àyẹ̀wò májèlé ò sì rí nǹkan kan. Àwọn kan tó sún mọ́ ọn ò gbà títí dòní. Ẹ máa sọ pé àwọn kan wà tí ikú ẹ̀ máa ṣe láǹfààní, Abacha ti kú lóṣù tó ṣáájú, wọ́n ti yìnbọn pa Kudirat ìyàwó ẹ̀ ní June 1996. Òótọ́ ni gbogbo ìyẹn, ó sì tó ká fi fura. Ṣùgbọ́n ẹni tó nídìí láti pa èèyàn, a ò tíì fi ìyẹn mọ̀ pé òun ló pa á. Èmi ò gba ìlà kẹrin, bẹ́ ẹ bá ní kí n sọ bó ṣe dá mi lójú tó, ó dá mi lójú dáadáa, kò tó ohun tí mo lè fi búra. Bí ìwé kan bá jáde lọ́la láti yàrá àyẹ̀wò, mo máa kà á.

Ìlà karùn-ún ni wọn kì í kọ: ọkùnrin tó ní àìsàn ọkàn, wọ́n tì í mọ́lé fún ọdún mẹ́rin lóun nìkan torí pé ó ní òun ló wọlé ìbò. Kò dìgbà tí májèlé bá wà nínú ife kí ẹ̀bi tó wà lọ́rùn àwọn tó tì í mọ́lé. Ohun tí ọ̀rọ̀ tíì ṣe fún wa ní Abẹ́òkúta ni pé ó ń jẹ́ ká máa wo ọwọ́ òyìnbó tó di ife mú, a gbàgbé àwọn tó di kọ́kọ́rọ́ mú.

Bẹ́ ẹ bá máa bá àgbà sọ ọ́

Ẹ má sọ ọ́ nínú gúrúùpù. Ẹ pè wọ́n tàbí kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí àwọn nìkan: "Ẹ káàsán mà. Mo rí ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ mà, ó ba èmi náà lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló fi ránṣẹ́ sí yín? Ẹ jẹ́ ká jọ wá a wò." Ẹ kọ́kọ́ gba ibi tó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀, torí ó máa ń wà, ẹ wá béèrè pé nínú àwọn ìlà yẹn, èwo ló dá wọn lójú pátápátá, èwo ni wọ́n kàn fura sí. Ọ̀pọ̀ àgbà máa dáhùn òótọ́ bẹ́ ẹ bá fi ọ̀wọ̀ bi wọ́n. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn yọ ọ́ kúrò ní gúrúùpù, ẹ má bá wọn yọ ọ́.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn tàbí abẹ́rẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù rárá, ẹ lọ bá wọn nílé, kẹ́ ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tàbí oníṣẹ́ ìlera tí wọ́n mọ̀ tí wọ́n sì fọkàn tán. Bí wọ́n bá wá bi yín ní ohun tẹ́ ẹ ò lè dáhùn, ẹ sọ pé "mi ò mọ̀ mà, ẹ jẹ́ n lọ wádìí ẹ̀," kẹ́ ẹ lọ wádìí ẹ̀ lóòótọ́, kẹ́ ẹ sì padà wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún wọn, kódà tó bá jẹ́ pé àwọn ló jàre.